Àgbádárìgì lẹ́ẹ̀kejì: ibo ni kí n mú ìyá mi àti ọmọ mi dé?

Ìyá Túndùn, Ìkòròdú | Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ní 2016, àwa obìnrin ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Àgbádárìgì. A kúrò ní Ìkòròdú láago márùn-ún ìdájí, a dé ọ̀hún láago mọ́kànlá, nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin wọ́n ti ń pariwo pé ká wọkọ̀. Ibi mẹ́jọ ni wọ́n mú wa dé láàárín wákàtí márùn-ún. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́kàn mi lónìí ò ju mẹ́ta lọ: àtẹ̀gùn pákó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀, iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, tó gbóná wọnú sálúbàtà mi, àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin kan tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nílé Mobee, níbi tí wọ́n kó irin tí wọ́n fi ń de ẹrú sí. Mo rò pé á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Gbogbo ìyókù ti lọ́ mọ́ra wọn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọjà ẹrú mọ́, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ilé Sèríkì.

Ó ti ń dùn mí láti ìgbà náà. Mo ti pinnu pé màá padà lọ lópin oṣù yìí. Ìyá mi ń bá mi lọ, ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 náà ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì la máa kúrò nílé, a ó sun alẹ́ méjì, ká padà lọ́jọ́ Àìkú.

Nínú àwọn ibi tí mo ti dé, èwo ló yẹ kí n padà sí? Èwo ni wọ́n máa ń sáré kọjá, tó sì yẹ kéèyàn jókòó tì? Ṣé kí n gbé ìyá mi sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù pẹ̀lú orúnkún yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to ibi púpọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti rìn ti ibi púpọ̀.

Ọ̀dọ́ Arìnkiri | 9:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ọjọ́ méjì tó rí gbogbo ẹ̀. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ lọ sí Coconut Beach kí oòrùn tó wọ̀. Sátidé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wọ Badagry Heritage Museum, ẹ dé ọjà ẹrú Vlekete tó ti wà láti 1502, ilé Mobee, Baracoon, ilé tí Sèríkì Abass ń kó ẹrú pa mọ́ sí, àti ibi igi Àgíà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù láago mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú ẹ lè sáré dé bọ́dà Sèmè, kí ọmọ yín fojú rí ibi tí Nàìjíríà parí sí. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo fi ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, fọ́tò tí mo yà lé ní 400.

Ọmọ Jẹ́gbà, Àgbádárìgì | 9:52 alẹ́

Mì kuabọ, Ìyá Túndùn. Bí àwa Ègùn ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ nìyẹn. Wọ́n bí mi sí àdúgbò Jẹ́gbà, níbi tí ààfin Akran wà, mo sì ti mú àlejò kiri ìlú yìí láìmọye ìgbà.

Àbúrò mi Arìnkiri, kò sí ibi tó ò ń dárúkọ tí kò dára. Àmọ́ ohun tó ṣe ìyá yìí ní 2016 náà lo tún fẹ́ kó ṣe wọ́n. Gbẹ̀rẹ̀fù láago mẹ́ta ọ̀sán pẹ̀lú ẹni ọdún 71? Rárá o.

Ìyá Túndùn, ohun tó mú kí gbogbo ẹ̀ lọ́ mọ́ra lọ́kàn yín ni pé wọ́n mú yín rìn ín bí ọkọ̀ ṣe rọrùn sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lákọ̀ọ́kọ́, ọjà ẹrú lẹ́yìn ẹ̀, ilé míṣọ́nnárì, ẹ̀wọ̀n, òkun. Kò sí ìtàn tó máa tò nínú orí ẹnikẹ́ni báyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ. Baracoon tí wọ́n kó wọn pa mọ́ sí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Lẹ́yìn náà ilé Mobee, kẹ́ ẹ rí irin tí wọ́n fi dè wọ́n. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó wá dé etí ọ̀sà. Bí ẹ bá fi lè sọdá, ẹ sọdá. Ilẹ̀ tí ẹ máa rìn kò tóbi, ẹ̀bá ọ̀sà àti ẹ̀yìn Marina ni gbogbo ẹ̀ wà. Fún màmá, kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì ni Baracoon. Àwọn yàrá náà kéré. Àwọn afinimọ̀nà á sọ fún yín pé 40 ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú ẹyọ yàrá kan. Àwọn àlejò máa ń gbọ́ nọ́ńbà yìí, wọ́n á ní "háà!", wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ bẹ afinimọ̀nà pé kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ pa iná fóònù. Ẹ dúró sáàárín, kẹ́ ẹ na ọwọ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ wá ro ènìyàn 40 síbẹ̀. Ojú yín á wá lọ síbi fèrèsé kékeré tó wà lókè. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ẹ̀pẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé. Ìtàn ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ. Mo fara mọ́ Ọmọ Jẹ́gbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí ọmọ ọdún 12 tó ń bọ̀ yẹn.

Ọmọdé méjì kan wà tí ìtàn wọn pàdé ní Àgbádárìgì. Ti àkọ́kọ́ ni Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú wọn, kò tíì ju ọmọ ọdún 12 tàbí 13 lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó kàwé, ó di àlùfáà. Ní oṣù kìíní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n fẹ́ lọ bá, ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi dúró sí ìlú yẹn. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther.

Ẹ̀kejì ni Ifárẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Ìjòga Orílẹ̀ nílẹ̀ Yewa. Ẹ gbọ́ orúkọ tí òbí ẹ̀ sọ ọ́, Ifá ló rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Òun náà kéré nígbà tí àwọn ará Dahomey, ìjọba kan níbi tó ń jẹ́ orílẹ̀-èdè Benin lónìí, mú un. Wọ́n tà á, wọ́n gbé e dé Brazil, ó kọ́ èdè, ó kọ́ ìwé, ó padà wá. Nígbà tó dé, òwò ẹrú lòun náà dì mọ́. Ilé tí wọ́n ń pè ní Baracoon, ilé ẹ̀ ni. Ó di Sèríkì Mùsùlùmí, ó di olórí ńlá lẹ́bàá ibẹ̀, ó kú ní 1919, inú ọgbà ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Sèríkì Williams Abass nìyẹn.

Ìyá Túndùn, ẹ ò rí i? Ọmọdé méjì tí wọ́n kó lẹ́rú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a rántí Crowther mọ́ àti Baracoon tí a rántí Sèríkì mọ́ kò jìnnà síra wọn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi mú àwọn ọmọ iléèwé lọ síbẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ ìtàn méjèèjì yìí lẹ́yìn ara wọn, ariwo máa ń tán nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá a bá ń padà bọ̀. Bí ẹ bá máa mú ibi méjì péré, Baracoon àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ mú, lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀dọ́ Arìnkiri, mo fẹ́ ṣàtúnṣe díẹ̀ sí 1502. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò nìyẹn. Àmọ́ àwọn òpìtàn tó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà wò sọ pé ọdún 1730 sí òkè ni Àgbádárìgì tó di èbúté ẹrú pàtàkì. Dahomey ti ṣẹ́gun ìlú Allada ní 1724, ó ṣẹ́gun ìlú Whydah ní 1727, àwọn tó sá àsálà sì wá ibi tí wọ́n máa fìdí kalẹ̀ sí lápá ìlà-oòrùn. Dahomey kan náà ló wá pa Àgbádárìgì run ní 1784, kí ìlú tó tún gbérí.

Ọ̀dọ́ Arìnkiri | 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo ibi tí mo yà ní fọ́tò yẹn, mi ò mọ̀ pé Crowther àti Sèríkì jọ jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú.

Ìyá Túndùn, Ìkòròdú | 1:20 ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ ṣé o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyá mi létí, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ yìí máa ń mú ọ̀rọ̀ sọ́kàn. Tí mo bá mú un wọnú yàrá yẹn, tó rí ìdè tí wọ́n fi ń pa ẹnu ènìyàn dé, ṣé kò ní máa lá àlá burúkú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọ lọ, ẹ dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbọ̀wá | 3:02 ọ̀sán

Mo mú ọmọ mi méjì lọ lọ́dún kejì sẹ́yìn, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, èkejì jẹ́ 13. Èyí tó dàgbà sunkún nílé Mobee nígbà tí wọ́n fi ìdè ẹnu hàn án. Mi ò mú un jáde. Mo dúró tì í, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, nígbà tó yá ó béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń mu omi. Afinimọ̀nà ṣàlàyé. Kò lá àlá burúkú kankan. Ohun tó ń da ọmọ láàmú ni kéèyàn fi nǹkan burúkú hàn án, kó sì sáré fà á lọ síbòmíì láìjẹ́ kó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó béèrè. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó jẹun kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní afinimọ̀nà. Ọkùnrin kan pàdé wa lójú ọ̀nà, ó gbowó ibi mẹ́rin lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà, ó mú wa dé méjì, a ò rí i mọ́. Nínú ibi kọ̀ọ̀kan gan-an ni kẹ́ ẹ ti sanwó, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Ti Gbẹ̀rẹ̀fù, èmi ò gbà kí màmá lọ. Iyanrìn yẹn ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ń ṣe sí orúnkún.

Awakọ̀ Mile 2 | 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ọ̀nà, torí ọ̀nà ló ń ba ìrìn-àjò Àgbádárìgì jẹ́ fún èèyàn kó tó débẹ̀. Ọdún 14 ni mo ti ń na ọ̀nà yẹn.

Láti Ìkòròdú, bí ẹ bá fẹ́ gba Ketu àti Ọ̀ṣòdì bọ́ sí Mile 2 lọ́jọ́ Ẹtì, á ti rẹ màmá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ní Ìpakodò, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá CMS, kẹ́ ẹ wá wọ rélùwéè Blue Line ní Marina dé Mile 2. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò, kò sì sí gosílóò lórí irin. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, ẹ fowó sí i kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ní Mile 2, ọkọ̀ tó ń pe "Àgbádárìgì" tààrà ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ má wọ ti Agbára, wọ́n á já yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó tún máa wá òmíràn. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó sáàárín ọkọ̀, torí ọ̀nà ṣì ní kòtò láwọn ibì kan, ẹ̀yìn ló máa ń gbọ̀n jù.

Lẹ́yìn Agbára, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí bọ́dà. Káàdì ìdánimọ̀ yín ni kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́, ti ọmọ náà pẹ̀lú tó bá ní. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má jẹ́ kí aago kan ọ̀sán bá yín ní Àgbádárìgì. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́, àwọn tó lọ sétí òkun àtàwọn tó ti bọ́dà ń bọ̀, gbogbo wọn ló ń wọ ọ̀nà pọ̀.

Màmá Ìjọ | 8:11 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Gbogbo yín gbàgbé igi Àgíà, àfi ọmọ tó sáré dárúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere nílẹ̀ wa, ní oṣù kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman ló ṣe é. Ẹ má rò pé òyìnbó lásán ni, ọmọ Áfíríkà ni bàbá ẹ̀, òyìnbó ni ìyá ẹ̀. Lọ́dún kan náà, òun àti Townsend ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Igi náà wó ní 1959, wọ́n ti gbé ohun ìrántí sí ojú ibẹ̀.

Ìyá Túndùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìjọ nígbà àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan lẹ máa gbé wálé. Ẹ lọ jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú níbẹ̀.

Ọmọ Jẹ́gbà, Àgbádárìgì | 9:30 alẹ́

Màmá, mo gbọ́. Ibi igi Àgíà sún mọ́ Marina, wọ́n lè yà síbẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò gba ìṣẹ́jú 15.

Nọ́ọ̀sì, mi ò bá yín jà lórí orúnkún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, iyanrìn ṣì tutù, ó ki díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò ní erékùṣù náà sì wà. Láti ìbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ sí etí òkun, ọ̀kadà á gbé màmá. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn fúnra wọn kí gbogbo wa tó pinnu fún wọn. Ẹ ṣáà rí i pé gbogbo yín wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà. Ìlú wa kì í ṣe ilé ìrántí òkú nìkan. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ má lọ sí ibi kankan tí wọ́n ti ń sanwó. Ẹ jókòó sí Marina nírọ̀lẹ́, ẹ wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń wọlé, ẹ ra ẹja àti akan, kí ilé oúnjẹ kan bá yín sè é. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Ègùn. Tí ẹ bá ní oríire, ẹ lè gbúròó Zàngbétò lálẹ́. Ọlọ́dẹ òru wa ni, ìko ni wọ́n fi ṣe aṣọ ẹ̀ láti orí délẹ̀. Ẹ má yà á ní fọ́tò láìtọrọ àyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọ yín tó wọnú Baracoon, á ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn tó ń gbé ìlú yìí ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pa àṣà wọn mọ́. Èyí ṣe pàtàkì sí mi gan-an.

Àgbọn ńkọ́? Lójú ọ̀nà Àjárá, ẹ máa rí ìyá kan tó kó o jọ síwájú ilé ẹ̀ bí òkìtì. Ẹ mi ín létí kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tí omi ẹ̀ bá dún dáadáa ni kẹ́ ẹ mú.

Ìyá Túndùn, Ìkòròdú | Ọjọ́rú, 7:00 alẹ́

Mo bi ìyá mi nípa Gbẹ̀rẹ̀fù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àwọn tí wọ́n kó lọ, ṣé orúnkún gbogbo wọn ló dá?" Ọ̀rọ̀ parí.

Bí a ṣe máa ṣe é rèé. Ọjọ́ Ẹtì, Ìpakodò, rélùwéè, Mile 2, ká sì jókòó sí Marina nírọ̀lẹ́. Sátidé láàárọ̀, Baracoon, Vlekete, ilé Mobee. A ó sinmi nígbà tí oòrùn bá mú. Láago mẹ́rin, a ó kọjá níbi igi Àgíà lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ Àìkú láago méje àárọ̀, Gbẹ̀rẹ̀fù, ká kúrò nílùú kó tó di ọ̀sán. Màmá Ìjọ, ẹ má bínú, ìsìn ò ní bọ́ sí i. Heritage Museum, Coconut Beach àti bọ́dà, a fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé museum yẹn dára, ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn tí wọ́n kọ́ ní 1863 ni, àmọ́ mi ò fẹ́ ka ohun tí mo lè fọwọ́ kàn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ẹ̀pẹ́ | 7:40 alẹ́

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wà ní Marina, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ìlú yìí ni Richard Lander, arìnrìn-àjò òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, padà sí ní 1827 lẹ́yìn tí ọ̀gá ẹ̀ Clapperton kú lókè ọ̀hún. Àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú níbẹ̀ fẹ̀sùn amí kàn án lọ́dọ̀ ọba, àwọn olóyè ìlú sì fún un ní májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó sáré lọ bì í, kò kú. Ní 1830, ó tún padà wá síbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ẹ̀, kí wọ́n tó lọ wá ẹnu odò Ọya. Ọmọ ọdún 12 á fẹ́ràn ìtàn yẹn.

Ìyá Túndùn, Ìkòròdú | Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìrìn-àjò, 9:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ti dé láyọ̀. Mo ṣèlérí pé màá jíṣẹ́.

Awakọ̀ Mile 2, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Rélùwéè yẹn, ìyá mi ò gbà pé Èkó la wà. Láti Mile 2 lọ ni wàhálà wà, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n dá wa dúró. Ẹ tún mú owó lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Nẹ́tíwọọ̀kì lọ ní Sátidé, ẹ̀rọ POS mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí owó gbà.

Baracoon. Ọmọ Jẹ́gbà, mo ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Afinimọ̀nà náà gbọ́ ohun tí mo wí, ó jáde síta, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo pa iná fóònù. Inú yàrá náà ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Ọmọ mi dúró sáàárín, ó na ọwọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè ní jẹ́jẹ́, ènìyàn kan, ènìyàn méjì. Ó dé 17, ó ní, "Mọ́mì, àyè ti tán." Ìyá mi bọ́ sálúbàtà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tá a jáde, a dúró níbi sàréè Sèríkì. Mo sọ orúkọ tí òbí ẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ìyá mi mi orí títí.

Ìgbà tí mo wá dé Vlekete lẹ́yìn ẹ̀ ló tó yé mi pé mo ti dé ibẹ̀ rí. Ní 2016, mo rò pé àgbàlá kan lásán ni.

Nílé Mobee, ọmọ náà gbé ẹ̀wọ̀n tí èmi ò lè gbé pẹ́. Òun náà ò lè gbé e pẹ́. Ó béèrè ìbéèrè 11, mo kà wọ́n, Nọ́ọ̀sì, ó sì sùn dáadáa lálẹ́.

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn yẹn ṣì ń ké. Ìyá mi rọra gun ún, wọ́n di igi ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n dé òkè. Bíbélì Yorùbá wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé 1884 ni odindi ẹ̀ tó jáde, àmọ́ Crowther ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò dá mi lóhùn, Sáàmù 126 ni wọ́n ń kà sí ara wọn létí, láìwo ìwé, "Nígbà tí Olúwa mú ìkólọ Síónì padà." Nísàlẹ̀, wọ́n fa omi fún wa látinú kànga tí wọ́n gbẹ́ ní 1842. Ó tutù. Wọ́n fi bọ́jú.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dé etí ọ̀sà kí aago méje tó lù. Gbogbo wa wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ọ̀kadà gbé ìyá mi, èmi àti ọmọ náà rìn. A dúró níbi kànga ojú ọ̀nà, èyí tí wọ́n ní wọ́n fi ń mú kí ẹrú gbàgbé ilé. A ò fọwọ́ kan omi ẹ̀. Ká tó rí òkun la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tá a débẹ̀, ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró sábẹ́ òpó méjì tí wọ́n rì sétí òkun fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lọ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkun, ilé ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ ni ọmọ yìí ń rò bá a ṣe ń padà bọ̀. Mo ti sọ fún un nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pé nígbà tí Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá ẹ̀ wá bá a níbẹ̀, ó tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ní àárín omi, ó dojú kọ ìyá mi, ó ní, "Ìyá àgbà, tí wọ́n bá gbé mi lọ fún ọdún 25, kí n tó padà wá màá ti ní irùngbọ̀n. Báwo lẹ ṣe máa dá mi mọ̀?"

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí ẹ̀ òsì, níbi tí àpá kan wà láti ìgbà tó ṣubú lu ẹsẹ̀ tábìlì nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Wọ́n ní, "Ibí ni màá kọ́kọ́ wò."

Ọmọ náà fi ọwọ́ ara ẹ̀ kan ibẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.